Béèlì kí ọlọ́pàá tó mú ni: ohun tí àbúrò yín lè ṣe ní Íńdíà

Ìbéèrè: Bengaluru ni àbúrò mi ń gbé. Ó máa ń ra pólò àti síńgílẹ́ẹ̀tì ní Tiruppur, á kó o sínú kọ̀nténà wá sí Èkó. Nínú owó ọjà tó gbà kẹ́yìn, rúpì lákì 14 (100,000 ni lákì kan) ló kù tí kò tíì san. Ẹni tó tajà fún un ti lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá Tiruppur pé jìbìtì ni. Wọ́n ní béèlì kan wà ní Íńdíà tí èèyàn lè gbà kí wọ́n tó mú un. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé àjèjì lè gbà á? Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó? Àbí kó kúkú wọ bàálù máa bọ̀ nílé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìdààmú ọkàn. Ìparí ìbéèrè yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè ba gbogbo ìyókù jẹ́. Kí àbúrò yín má wọ bàálù. Tí ọlọ́pàá bá ti kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀, wọ́n lè ti fi orúkọ àti nọ́ńbà ìwé ìrìnnà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ imigírésọ̀n ní gbogbo pápákọ̀ òfurufú. LOC ni àwọn lọ́yà ibẹ̀ ń pè é. Kò sẹ́ni tó máa ta á lólobó pé orúkọ òun ti wà níbẹ̀. Ìgbà tó bá na ìwé ìrìnnà sí wọn ni wọ́n á ní kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á sì pe Tiruppur. Láti ìṣẹ́jú yẹn, ohun tí ọlọ́pàá máa kọ sílẹ̀ ni pé ibi tó ti ń sá lọ làwọn ti mú un, ọ̀rọ̀ yẹn á sì máa tẹ̀ lé e dé iwájú adájọ́ gbogbo. Ká tiẹ̀ ní ó ráyè kọjá, kóòtù lè kéde rẹ̀ ní ìsáǹsá lábẹ́ abala 84 òfin ìgbẹ́jọ́ wọn. Láti 2012 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Íńdíà ti sọ pé ẹni tí wọ́n bá kéde bẹ́ẹ̀ kì í sábà rí béèlì yìí gbà mọ́.

Béèlì náà wà lóòótọ́. "Anticipatory bail" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Béèlì ṣáájú ìmúni ni n ó máa pè é. Tí kóòtù bá ti fún èèyàn, tí ọlọ́pàá sì wá mú un lórí ẹ̀sùn yẹn, dandan ni kí wọ́n fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bó bá ti fọwọ́ síwèé ìdúró. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í pa ẹjọ́, kì í dá ìwádìí dúró, kì í sì í pa gbèsè rẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbà á tán, wọ́n á wá lọ sùn, bí ẹni pé ilé-ẹjọ́ ti dá wọn láre. Ibẹ̀ ni wàhálà kejì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Abala 482 nínú òfin tuntun tí wọ́n ń pè ní Bharatiya Nagarik Suraksha Sanhita, BNSS ní ìkékúrú, ló dá lé. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje, 2024 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Abala 438 òfin 1973 ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ lọ́yà ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú tí ìwé kan bá ní 438 tí òmíràn ní 482. Kò sí i nínú òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wọn. Ìgbìmọ̀ àtúnṣe òfin wọn ló dábàá rẹ̀ ní 1969, wọ́n ní àwọn alágbára máa ń fi ẹ̀sùn irọ́ kan ọ̀tá wọn, kí wọ́n lè fi ọjọ́ díẹ̀ nínú àtìmọ́lé dójú tì í.

Ẹ má fi ti ilé wò ó. Ní Nàìjíríà, abala 8 òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, ACJA 2015, ti sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn òwò tó yẹ̀ lásán. Bí ẹ̀rù bá sì ń ba ẹnì kan, ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni lọ́yà rẹ̀ máa ń gbé lọ sí kóòtù gíga. Ní Íńdíà, ọ̀nà tirẹ̀ ti wà nínú òfin ìgbẹ́jọ́ gan-an, ó ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ àti kóòtù tirẹ̀. "Ẹnikẹ́ni" ni abala 482 kọ, kò kọ ọmọ Íńdíà. Nítorí náà àjèjì lè béèrè fún un, wọ́n sì máa ń fún àjèjì, àmọ́ àlàyé tí adájọ́ máa béèrè lọ́wọ́ àjèjì pọ̀ ju ti onílé lọ.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wádìí ohun tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ gan-an. Ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, níbi tí Tiruppur wà, tí èèyàn bá fẹjọ́ sùn, ìwé ẹ̀rí pélébé kan tí wọ́n ń pè ní CSR ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún un. CSR kì í ṣe ẹjọ́; ó kàn ń fi hàn pé wọ́n ti gba ẹ̀sùn, wọ́n fẹ́ pe ẹni méjèèjì kí wọ́n gbọ́ tẹnu wọn. FIR, ìyẹn ìwé tí ọlọ́pàá fi ń kọ ẹ̀sùn ọ̀daràn sílẹ̀, ló ń sọ ọ́ di ẹjọ́. Láti 2016 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa gbé FIR sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárín wákàtí 24, àfi èyí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá gba ìpamọ́, torí náà lọ́yà tó wà ní Tiruppur lè rí i láìjẹ́ pé ó bẹ ẹnikẹ́ni. Èdè Tamil ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́. Kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ má gba "ohun tó sọ ní ṣókí". Ọjọ́ tí wọ́n ní òwò náà wáyé, iye owó, àti nọ́ńbà àwọn abala òfin tó wà lókè ìwé náà, àwọn ló máa sọ irú ẹjọ́ tó jẹ́.

Nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Béèlì ṣáájú ìmúni wà fún ẹ̀sùn tí béèlì kì í ṣe ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀ nìkan. Tó bá jẹ́ pé sọ̀wédowó ni òǹtajà gbà lọ́wọ́ àbúrò yín tí báńkì dá padà, tí ó sì gbé abala 138 òfin sọ̀wédowó lọ sí kóòtù, béèlì ti jẹ́ ẹ̀tọ́ níbẹ̀, ẹ kò nílò èyí rárá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ abala 318(4) òfin ọ̀daràn tuntun wọn, BNS, jìbìtì ni, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè dé ọdún 7, béèlì kì í sì í ṣe ẹ̀tọ́. Abala 316, tó jẹ́ jíjẹ ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni, náà wà láàárín irú wọn. Èyí tó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni tí wọ́n bá fi abala 338 kún un, ìyẹn ayédèrú ìwé tó níye lórí. Ẹ̀wọ̀n gbére lè wà níbẹ̀. Tí irú rẹ̀ bá wà nínú FIR, ẹ béèrè lọ́wọ́ àbúrò yín, ní kọ̀rọ̀, bóyá ìwé kankan wà tó fi lé wọn lọ́wọ́ tí kì í ṣe ojúlówó.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ wo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀sùn náà dáadáa nìyí: gbèsè kì í ṣe jìbìtì. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé kí ó tó di jìbìtì, èrò àtirẹ́ni jẹ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́kàn ẹni náà láti ọjọ́ tó ti ń rajà. Ẹni tó gbọjà, tí ọjà kò tà, tí dọ́là wọ́n gógó, tí kò rí owó san lásìkò, onígbèsè ni, kì í ṣe gbájú-ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2024, nínú ẹjọ́ Delhi Race Club, wọ́n tún bá ọlọ́pàá àti àwọn májísíréètì wí pé wọn ò gbọ́dọ̀ máa so jìbìtì àti jíjẹ ohun àfisíkàáwọ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, torí ọ̀kan lòdì sí èkejì: nínú ti àkọ́kọ́, ẹ̀tàn ló fi gba nǹkan, nínú ti kejì, òótọ́ inú ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Tí FIR bá to méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, lọ́yà yín ti rí nǹkan dì mú.

Nítorí náà, ìwé tó máa gbà á là kò pọ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ péye. Kí ó to gbogbo ọjà tó ti rà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, pẹ̀lú ọjọ́ àti ẹ̀rí pé ó sanwó wọn. Bó bá ti sanwó ọjà mẹ́fà kí ìkeje tó há, ìtàn ti yí padà nìyẹn. Kí ó tẹ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bára wọn sọ lórí WhatsApp jáde, pàápàá ibi tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún àsìkò àti ibi tí òǹtajà ti gbà fún un, kí ó má sì pa ọ̀kankan rẹ́, ì báà jẹ́ èyí tó bu òun fúnra rẹ̀ kù. Ìwé ọkọ̀ ojú omi tó fi kẹ́rù, ìwé iléeṣẹ́ aṣọ́bodè, ẹ̀rí owó díẹ̀ tó bá san lẹ́yìn tí ọjà dé. Ohun tó máa ń pa irú ẹjọ́ báyìí ni àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í ṣe òótọ́, fóònù tó pa lọ́jọ́ tí òǹtajà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó, àti sọ̀wédowó tó kọ lórí àkáǹtì tó ti tì pa.

Nǹkan kan tún wà tó lè mú kí ẹ má nílò béèlì yìí kíákíá tó bí ẹ ṣe rò. Lọ́jọ́ kejì oṣù Keje, 2014, nínú ẹjọ́ Arnesh Kumar, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé nínú ẹ̀sùn tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò ju ọdún 7 lọ, ọlọ́pàá ò gbọ́dọ̀ kàn nawọ́ mú èèyàn. Kí wọ́n fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí i, èyí tó wà lábẹ́ abala 35(3) BNSS báyìí, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n kọ ẹjọ́ sílẹ̀; tí wọ́n bá sì fẹ́ mú un, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀. Tí ìwé yẹn bá dé, kí àbúrò yín lọ, kí ó lọ pẹ̀lú lọ́yà, kí ó gba ẹ̀rí pé òun wá. Ẹni tí kò bá jẹ́ ìpè yẹn ti fún wọn láṣẹ láti mú un. Ìpè orí WhatsApp kò tó lábẹ́ òfin. Kóòtù kan náà pàṣẹ bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kìíní 2025. Síbẹ̀, kí ó má fi ìyẹn ṣe àgídí: kí lọ́yà fèsì lórí ìwé pé òun ti gbọ́, òun sì ń retí ìwé ìpè tó bófin mu.

Níbi tí ti àjèjì ti yàtọ̀ nìyí. Lára àwọn ìdí tí òfin gbà kí ọlọ́pàá fi múni ni pé bí wọn ò bá mú un, kò sí ìdánilójú pé yóò wá sí kóòtù. Fún ọmọ Tiruppur tó nílé, tó níyàwó àti ọmọ níbẹ̀, ó ṣòro láti kọ ìyẹn. Fún ọmọ Nàìjíríà tí físà rẹ̀ ku oṣù mẹ́ta, ìlà kan péré ni. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé kí ó béèrè fún béèlì náà bí FIR bá ti wà, láì dúró de ìwé ìpè.

Ibo ni kí ó ti béèrè? Kóòtù Sessions, tó ga ju ti májísíréètì lọ, tàbí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ni òfin dárúkọ. Májísíréètì kò lágbára rẹ̀. Lóòótọ́ ìlẹ̀kùn méjèèjì ṣí, àmọ́ ọ̀pọ̀ adájọ́ àgbà máa ń bi yín léèrè ìdí tí ẹ fi fo ti ìsàlẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Kóòtù Sessions tó wà ní Tiruppur. Àwọn kan á ní kó gbà á ní Bengaluru tó ń gbé, torí ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, 2023, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbà pé kóòtù ìpínlẹ̀ míràn lè fúnni ní ààbò ránpẹ́ kí èèyàn lè ráyè dé kóòtù tó ni ẹjọ́. "Transit" ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní gbèdéke: kóòtù gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá tí ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ létí, ẹni tó ń béèrè gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń gbé tàbí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́, kí ó sì sọ ohun tí kò jẹ́ kó lè lọ tààrà, bí àìsàn tàbí ewu ara. Láti Bengaluru, bọ́ọ̀sì òru kan ló ń gbé ni dé Tiruppur. Adájọ́ á bi í pé kí ló dí i lọ́wọ́. Bí ọlọ́pàá Tamil Nadu bá ti ń kanlẹ̀kùn rẹ̀ ní Bengaluru, kí ó lo ti transit. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí lọ́yà Tiruppur gbé ẹjọ́ wọlé níbẹ̀ tààrà. Kò pọn dandan kí òun fúnra rẹ̀ wà ní kóòtù, àfi tí adájọ́ bá ní kó wá.

Ìwé tó ń wọlé ni ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé tó fi yan lọ́yà tó ti fọwọ́ sí, ẹ̀dà FIR pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, àwọn ìwé òwò tí mo kà lókè yìí, ojú ewé ìwé ìrìnnà àti físà, ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ FRRO tó ń bójú tó àwọn àjèjì, àti ìwé ilé tó ń yá gbé. Nínú ìwé ẹ̀bẹ̀, kí ó sọ bóyá òun ti béèrè fún irú béèlì yìí níbòmíràn rí. Bíbo ìyẹn mọ́lẹ̀ nìkan tó láti mú kí wọ́n da ẹ̀bẹ̀ náà nù. Físà tún nìyẹn: tó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ ló fi ń ṣòwò, kí lọ́yà mọ̀ kí ó tó kọ ìlà kan, torí agbẹjọ́rò ìjọba á rí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ẹjọ́, agbẹjọ́rò ìjọba á gba àkókò kí ọlọ́pàá lè fèsì. Àárín ìgbà yẹn ló léwu jù. Kí lọ́yà béèrè fún ààbò fìdíhẹ ní ọjọ́ kìíní gan-an, kí kóòtù pàṣẹ pé kí wọ́n má mú un títí di ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí. Bí kóòtù bá sún ẹjọ́ láìfún un, kò sí ohun tó ní kí ọlọ́pàá má mú un lọ́la. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ní ní 2022 pé kí ìdájọ́ lórí irú ẹ̀bẹ̀ yìí má kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí ó bá sì jẹ́ CSR nìkan ló wà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí agbẹjọ́rò ìjọba bá dìde pé kò tíì sí FIR, tí adájọ́ sì pa ẹ̀bẹ̀ náà dé lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Láti ẹjọ́ Sibbia ní 1980, tí adájọ́ márùn-ún jókòó lé, ni wọ́n ti sọ pé FIR kì í ṣe ọ̀ranyàn kí èèyàn tó béèrè. Ohun tó jẹ́ ọ̀ranyàn ni pé kí ìbẹ̀rù rẹ̀ ní ìdí tí a lè fojú rí. "Wọ́n ń halẹ̀ mọ́ mi" lásán kò tó. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá pè é, nọ́ńbà tó fi pè é, ohun tó sọ: ìyẹn ló tó.

Ọlọ́pàá á sábà sọ pé àwọn nílò rẹ̀ nínú àtìmọ́lé káwọn lè bi í lọ́rọ̀. Nínú ẹjọ́ tó jẹ́ ìwé àti àkáǹtì báńkì ni gbogbo ẹ̀rí, ìdáhùn rẹ̀ rọrùn: gbogbo ìwé náà rèé, ó ṣe tán láti wá nígbàkigbà. Kò sì sí ẹni tó lè ní kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀ kìkì nítorí pé kò jẹ́wọ́.

Wàyí o, owó. Adájọ́ lè bi lọ́yà pé èló ni oníbàárà rẹ̀ máa san sí kóòtù kí òun tó fún un ní béèlì. Ní oṣù Keje 2023, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ bẹnu àtẹ́ lu àṣà yìí, wọ́n ní kóòtù béèlì kì í ṣe agbowó gbèsè. Síbẹ̀ ó ṣì ń ṣẹlẹ̀, àwọn lọ́yà mìíràn á sì yára fi ẹnu ṣèlérí lákì 5 láìbi oníbàárà. Bí kò bá rí i san, ìlérí yẹn ni wọ́n á fi gba béèlì náà padà. Kí àbúrò yín kọ ọ́ fún lọ́yà rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ ṣèlérí owó láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i. Bó bá fẹ́ san díẹ̀ nínú gbèsè, ó dáa, àmọ́ kí ó gba báńkì kọjá, kí ó sì kọ ọ́ pé gbèsè òwò lòun ń san. Ẹni tó bá ní òun mọ ọlọ́pàá tó máa yanjú ẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ẹ má fún un ní nǹkan kan.

Tí wọ́n bá fún un, ẹ ka ìwé àṣẹ náà láti òkè délẹ̀. Ní Tamil Nadu, ó sábà máa ń kà báyìí: kí ó fara hàn níwájú májísíréètì láàárín ọjọ́ 15, kí ó fọwọ́ sí ìwé ìdúró, rúpì 10,000 fún àpẹẹrẹ, pẹ̀lú onídùúró méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún iye kan náà, kí àwọn onídùúró lẹ fọ́tò wọn, kí wọ́n tẹ àtàǹpàkò òsì, kí wọ́n mú ẹ̀dà Aadhaar, káàdì ìdánimọ̀ Íńdíà, tàbí ìwé báńkì wá, kí òun náà máa lọ fọwọ́ síwèé ní àgọ́ ọlọ́pàá lójoojúmọ́ ní agogo 10:30 àárọ̀ títí di ìgbà míràn. Tí ọjọ́ 15 bá kọjá tí kò ṣe é, béèlì náà ti kú nìyẹn. Onídùúró ló máa ń há àwọn àjèjì lọ́rùn: ọmọ Nàìjíríà ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní Aadhaar tó máa tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ wá ọmọ Íńdíà méjì báyìí, onílé tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò. Bí kò bá rí, abala 490 gba kóòtù láyè láti gba owó dípò onídùúró; lọ́yà ló máa béèrè. Ní ti ìfọwọ́sí ojoojúmọ́, tó bá ti ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìyẹ̀, ó lè padà sí kóòtù pé kí wọ́n dín in kù. Tó bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó béèrè, wọn ò ní gbọ́.

Ẹ béèrè bó ṣe ń pẹ́ tó. Ọjọ́ 29 oṣù Kìíní, 2020, nínú ẹjọ́ Sushila Aggarwal, adájọ́ márùn-ún Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fẹnu kò pé béèlì yìí kì í ní ọjọ́ ìparí láìnídìí. Ó lè gbé e dé ìparí ìgbẹ́jọ́, kì í sì í kú nítorí pé ọlọ́pàá ti gbé ìwé ẹ̀sùn lọ sí kóòtù. Adájọ́ lè fi gbèdéke sí i tí ọ̀rọ̀ náà bá ní ohun tó gba bẹ́ẹ̀. Ìpinnu tó ṣáájú ní 1996 sọ ohun tó yàtọ̀, ẹ̀yin náà sì lè rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti yí i padà.

Tí Sessions bá kọ̀, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Madras ló kàn, ní Chennai, kì í ṣe ẹ̀ka Madurai. Kò sí ààbò kankan láàárín méjèèjì. Ẹ wo ti P. Chidambaram, mínísítà ètò ìnáwó Íńdíà tẹ́lẹ̀: Ilé-Ẹjọ́ Gíga Delhi kọ̀ fún un lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹjọ, 2019, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi ṣú, CBI, àwọn ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba àpapọ̀, ti mú un. Kí ìwé ti Chennai ti wà ní títẹ̀ kí wọ́n tó ka ìdájọ́ ti Tiruppur.

Àwọn ẹ̀sùn kan wà tí ilẹ̀kùn yìí kì í ṣí fún: fífipá bá ọmọdébìnrin lò pọ̀ lábẹ́ abala 65 àti 70(2) BNS, ẹ̀sùn ìpániláyà lábẹ́ UAPA, àti òfin tó ń dáàbò bo àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, àfi bí ẹ̀sùn náà kò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Ti oògùn olóró, tí wọ́n sábà máa ń bi wá nílé, le gan-an: bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti tó ti oníṣòwò, gíráàmù 100 kokéènì tàbí 250 heroin, adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé ó jọ pé ẹni náà kò jẹ̀bi. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ti àbúrò yín kì í ṣe èyí.

Ẹjọ́ oògùn olóró kan tó jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà ló sì mú àǹfààní kan wá fún gbogbo àjèjì. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé àṣẹ pé kí ó fi Google Maps han ọlọ́pàá ibi tó wà, wọ́n sì ní wọn ò lè so béèlì rẹ̀ mọ́ ìwé ìdánilójú láti ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Nàìjíríà, torí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti fipá gbà á. Tí adájọ́ bá béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Tiruppur, kí lọ́yà tọ́ka sí ọjọ́ yẹn. Ní oṣù Kìíní 2025, nínú ẹjọ́ kan náà, wọ́n ní kí kóòtù tó bá fún àjèjì ní béèlì máa pàṣẹ kí wọ́n fi tó FRRO létí. Torí náà, FRRO á mọ̀. Bí físà bá fẹ́ parí, kí ó béèrè ìfàgùn ṣáájú, kí ó so ìwé àṣẹ kóòtù mọ́ ọn. Tí kóòtù bá ti gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ sọ́wọ́, kí lọ́yà béèrè fún un fún iye ọjọ́ tí FRRO nílò rẹ̀. Òfin àjèjì tuntun ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, 2025, kíkọjá ọjọ́ físà sì jẹ́ ẹ̀sùn ọ̀tọ̀ tí béèlì yìí kò bò.

Tó bá wá di pé ó nílò láti wá sílé, fún ìsìnkú tàbí òwò, abala 482 fúnra rẹ̀ gba kóòtù láyè láti ní kí ó má kúrò ní Íńdíà láìgba àṣẹ. Kí ó béèrè pẹ̀lú ọjọ́ ìlọ, ọjọ́ ìpadà àti tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àbọ̀. Béèlì kì í pa LOC rẹ́, àṣẹ ìrìnàjò náà kì í pa á rẹ́. Ọlọ́pàá Tiruppur tó fi í ránṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí imigírésọ̀n pé kí wọ́n jẹ́ kó kọjá lọ́jọ́ yẹn, kí lọ́yà sì rí ẹ̀dà ìwé yẹn kó tó gbéra. Kí ẹ̀dà àṣẹ kóòtù tí wọ́n lu òǹtẹ̀ wà nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀, kí ó má fi sínú ẹrù tó wọ inú bàálù.